Èéfín Ni Iná Tí Kò Jó Tán

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì ọdún yìí, mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àtíbàbà tó ti ń yan gààrí ní Ìgbàrà-Òkè. Màmá Ìgbàrà ni gbogbo wa ń pè é. Igi ìdáná méje ló há mọ́ra ní ẹnu ààrò, kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Èéfín ti bo àtíbàbà náà láti ilẹ̀ títí dé páànù òrùlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn Màmá Ìgbàrà, jókòó lórí àpótí, ó ń fi àkúfọ́ igbá da gààrí síwá sẹ́yìn, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó dìde kúrò nínú èéfín yìí."

Màmá Ìgbàrà rẹ́rìn-ín. "Inú èéfín yìí náà ni mo ti lóyún rẹ̀. Ṣé ó pa á ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ ẹ̀yinná, ó fẹ́ ẹ fùú, fùú, fùú. Iná náà sọ. Fún ìgbà díẹ̀, èéfín dínkù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, iná ìjọba lọ. A tan fìtílà kékeré kan, a jẹun, a sì sọ̀rọ̀ títí oorun fi ń kùn wá. Kí Màmá Ìgbàrà tó wọlé lọ sùn, ó tẹ̀ sórí fìtílà náà, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré. Iná kú.

Ẹnu kan náà, èémí kan náà. Ní òwúrọ̀, ó jí iná. Ní alẹ́, ó pa iná. Iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìmọ̀ nípa ooru àti afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, n kò tíì jókòó rí kí n ṣàlàyé fún obìnrin tó tọ́ mi dàgbà ìdí tí èéfín fi ń rú láti inú ààrò rẹ̀, tàbí ohun tí a lè ṣe sí i. Ìtìjú èyí ló jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ohun tí ahọ́n iná ń jẹ

Bí a bá ti iná bọ igi, ooru ló kọ́kọ́ ń lé omi inú igi jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò wá lé oríṣiríṣi gáàsì jáde láti inú igi náà. Àwọn gáàsì wọ̀nyí ló ń pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì ń gbiná, àwọn sì ni a ń rí bí ahọ́n iná. Èédú ló máa ń kù nílẹ̀ nígbà tí gáàsì bá ti jáde tán, yóò sì máa pọ́n yòò ní tirẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ ní ahọ́n.

Michael Faraday, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀rọ̀ yìí han àwọn ọ̀dọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe lórí àbẹ́là ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 1860. Ẹ̀yin náà lè dán ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ṣe wò nílé. Ẹ tan àbẹ́là kí ó jó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì rọra fẹ́ ẹ pa níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀. Okùn èéfín funfun kan yóò máa lọ sókè láti orí òwú rẹ̀. Ẹ yára mú ìṣáná tó ń jó sún mọ́ èéfín náà, ṣùgbọ́n kí ó má kan òwú. Iná yóò gba ojú èéfín sáré padà sọ̀kalẹ̀, àbẹ́là yóò sì tún tàn.

Kí ni èyí fi hàn? Ó fi hàn pé oúnjẹ iná wà nínú èéfín. Èéfín inú ààrò náà rí bẹ́ẹ̀: ara igi tí a fi owó rà ni, tó yẹ kó jó kó sì di ooru lábẹ́ agbada, ṣùgbọ́n tó sá gba ojú wa jáde. Àwọn àgbà ní èéfín kì í rú láìsí iná. Mo fẹ́ fi kún un pé èéfín fúnra rẹ̀ ni iná tí kò rí àyè jó tán.

Kí ló wá dí i lọ́wọ́? Ohun mẹ́ta ni iná ń fẹ́: gáàsì láti ara ohun ìdáná, ọ́síjìn, àti ooru tó tó. Nínú ìwọ̀n 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, nǹkan bí 21 ni ọ́síjìn, nítorí náà ọ́síjìn kò wọ́n ní Ìgbàrà-Òkè. Igi wà, ooru sì wà. Ohun tó ń ṣàìtó nínú ààrò Màmá Ìgbàrà ni pípàdé.

Ọmọ orógùn inú iná

Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ ohun tó ń jẹ́ kókó. Bí a bá da èlùbọ́ sínú omi gbígbóná tí a kò sì tètè rò ó, yóò di kókó. Bí a bá bu kókó náà sí méjì, a ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ, èlùbọ́ lásán ló ṣì wà níbẹ̀. Omi pọ̀ nínú ìkòkò, ooru sì tó. Omi kàn kò dé inú kókó ni. Ooru àti omi ló ń mú àmàlà jinná. Iṣẹ́ ọmọ orógùn ni láti fọ́ kókó ńlá sí wẹ́wẹ́ títí omi yóò fi kan gbogbo èlùbọ́ tó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gáàsì tó ń jáde lára igi ṣe ń rí. Ó ń jáde ní ìdì-ìdì, afẹ́fẹ́ sì yí i ká. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn méjèèjì ti kan ara wọn nìkan ló lè jó. Inú ìdì náà ń gbóná, ṣùgbọ́n kò rí ọ́síjìn. Ooru yóò tú u palẹ̀, yóò sì sọ ọ́ di ẹyọ dúdú tíntìntín tó kún fún kábọ́ònù. Bí ẹyọ dúdú yìí bá rí ọ́síjìn nígbà tó ṣì gbóná, yóò jó dànù. Bí kò bá rí i, yóò lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, tàbí ara páànù òrùlé, tàbí inú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Kókó àmàlà inú iná ni.

Kí wá ni ọmọ orógùn inú iná? Ààjà ni. N kò sọ ti ààjà ńlá tó ń gbé iyanrìn àti ewé lọ sókè nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yára, kì í lọ tààrà. Ó ń lọ́ra pọ̀, ó ń yí po, ààjà ńlá ń fọ́ sí kékeré, kékeré ń fọ́ sí èyí tó kéré jù ú lọ. Gbogbo yíyípo yìí ń ká gáàsì àti afẹ́fẹ́ mọ́ ara wọn, ó ń nà wọ́n di pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ gan-an, títí yóò fi ku ìrìn díẹ̀ péré tí àwọn mólékù lè fúnra wọn rìn láti pàdé. Láìsí ààjà wọ̀nyí, ìrìn náà jìn, mólékù kì í sì í tètè rìn ín.

Ẹ lè rí irú nǹkan yìí lójú omi. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Iléṣà jáde ní Ìgbàrà-Òkè, ẹ ó dé odò Ọ̀wẹnà. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí omi bá ti rọra ń ṣàn, ewé tó bá já sórí rẹ̀ yóò lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi náà yóò máa rú, yóò máa yí, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò sì dàpọ̀ mọ́ omi òkè. Ní ọdún 1883, Osborne Reynolds, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Manchester, rọra tú aró sínú omi tó ń ṣàn nínú ọ̀pá onígíláàsì. Bí omi náà ṣe ń lọ jẹ́jẹ́, aró náà dúró bí okùn tó tọ́ gbọọrọ. Nígbà tó jẹ́ kí omi yára kọjá ìwọ̀n kan, okùn aró náà tú, ó sì dàpọ̀ mọ́ gbogbo omi. Reynolds fi hàn pé ìwọ̀n eré, bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, àti bí ohun tó ń ṣàn ṣe ki tó ló ń pinnu bóyá yóò lọ jẹ́jẹ́ tàbí yóò dá ìrúkèrúdò sílẹ̀. Ìdí nìyí tí epo pupa tó ki kì í fi í rú bí omi bá a tilẹ̀ dà wọ́n bákan náà.

Nígbà tí Màmá Ìgbàrà fẹ́ ẹ̀yinná, kì í ṣe ọ́síjìn nìkan ló fi ránṣẹ́. Ó rán ọmọ orógùn wọ inú ààrò.

Ìjà àkókò méjì

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí fìtílà fi kú?

Gerhard Damköhler, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 1940 nípa bí ìrúkèrúdò ṣe ń mú iná yára. Ó ṣàlàyé pé ààjà ńlá ń ká ojú iná bí ẹni ká aṣọ. Aṣọ tó fẹ̀ lè wọ inú àpótí kékeré bí a bá ká a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú iná tó fẹ̀ ṣe lè wà nínú àyè kékeré bí ààjà bá ká a, ohun ìdáná púpọ̀ yóò sì máa jó láàárín ìgbà díẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lo nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ orúkọ Damköhler. Nọ́ńbà náà ń fi àkókò méjì wé ara wọn: àkókò tí afẹ́fẹ́ nílò láti po nǹkan pọ̀, àti àkókò tí ìyípadà kẹ́míkà nílò láti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Bí pípò bá pẹ́ ju ìyípadà kẹ́míkà lọ, iná yóò máa dúró de afẹ́fẹ́. Ohunkóhun tó bá mú pípò yá yóò mú iná dára sí i. Ipò yìí ni ààrò wà ní òwúrọ̀. Bí ìrúkèrúdò bá sì yára ju ìyípadà kẹ́míkà lọ, afẹ́fẹ́ yóò ti gbé ooru àti gáàsì lọ kí wọ́n tó ráyè gbiná. Ahọ́n iná fìtílà kéré, ooru inú rẹ̀ kò pọ̀, èémí ẹyọ kan sì tó láti já a kúrò lórí òwú. Ti ẹ̀yinná yàtọ̀, nítorí pé inú ara rẹ̀ tó le ni ooru rẹ̀ wà. Èémí kò lè gbé e lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń gbá eérú kúrò lójú rẹ̀, ó sì ń gbé ọ́síjìn wá fún un.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tú èéfín dúdú kẹ̀rìkẹ̀rì nígbà tó bá ń gun òkè. Awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì tú dísù púpọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò tí epo náà ní láti po mọ́ afẹ́fẹ́ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí kò ráyè jó ló jáde lẹ́yìn ọkọ̀.

Nígbà tí iná gáàsì mi pọ́n

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi igi dáná nìkan nìyí. Ní ọdún tó kọjá, iná ẹ̀rọ ìdáná gáàsì mi ní Àkúrẹ́ kúrò ní àwọ̀ búlúù, ó di pupa rúsúrúsú, ìdí gbogbo ìkòkò mi sì dúdú. Mo rò pé gáàsì tí mo rà kò dára. Mo lọ bá ẹni tó tà á fún mi, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Nígbà tí oníṣẹ́ dé, ó ti gáàsì pa, ó tú ẹ̀rọ náà, ó sì fi ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀ hàn mí. Òróró àti ìdọ̀tí ti dí i pa. Ó nù ún, ó tò ó padà, iná sì di búlúù. Mo padà lọ tọrọ àforíjì.

Ọgbọ́n inú ọ̀pá kékeré yẹn ti pẹ́. Ní ọdún 1855, Robert Bunsen àti Peter Desaga, tó ń bá a ṣe irinṣẹ́ ní Heidelberg nílẹ̀ Jámánì, ṣe ẹ̀rọ iná tó ń po gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó jó. Gáàsì ń fi eré jáde láti ihò tó tóbi bí ojú abẹ́rẹ́, eré yẹn ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, àwọn méjèèjì á sì pò nínú ọ̀pá. Bí wọ́n bá ti pò dáadáa kí wọ́n tó dé ibi iná, búlúù ni a ó rí. Àwọ̀ rúsúrúsú jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹyọ dúdú tíntìntín tó ń gbóná nínú iná. Bí iná gáàsì yín bá ń pọ́n, ó ń sọ fún yín pé òun kò rí afẹ́fẹ́ tó.

Ohun tó wà nínú èéfín

Èéfín tí a kò rí tún burú ju èyí tí à ń rí lọ. Kábọ́ònù tó bá rí ọ́síjìn tó yóò di carbon dioxide. Èyí tí kò bá rí i tó yóò dúró lójú ọ̀nà, yóò di gáàsì carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri ju bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sínú ilé, tàbí èédú tó ń pọ́n nínú yàrá tí a tì, fi lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Aboyún tó bá ń mí in sínú ń pín in fún ọmọ inú rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ló kú nítorí èéfín inú ilé, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 sì ju 237,000 lọ nínú wọn. Nítòsí wa, ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade ti Yunifásítì Chicago àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, ṣe ìwádìí pẹ̀lú aboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, apá kejì sì ń bá ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú àbájáde tó jáde ní ọdún 2017, nínú 100 obìnrin tó ń bá igi àti kẹrosíìnì lọ, nǹkan bí 6 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín àwọn tó gba sítóòfù tuntun, nǹkan bí 2 ni. Ẹni tó bá ti rí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe fún aboyún mọ̀ pé ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, wọ́n pín ààrò onígi tó ní fáànù kékeré nínú fún àwọn ìdílé, kí fáànù náà lè máa po afẹ́fẹ́ mọ́ èéfín kí ó jó tán. Àwọn ọmọdé tí ìwádìí náà kàn lé ní 10,000. Nígbà tí àbájáde jáde nínú The Lancet ní ìparí ọdún 2016, kò sí ẹ̀rí pé àrùn òtútù àyà dínkù láàárín àwọn ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná kò jó wọn lára tó ti tẹ́lẹ̀. Èéfín pàǹtírí tí a ń sun àti èéfín sìgá ṣì wà káàkiri. Ààrò tó dára dín èéfín kù. Kò sọ igi di gáàsì.

Ohun tí a ṣe ní Ìgbàrà-Òkè

Mo kọ́kọ́ ní kí a ra ẹ̀rọ gáàsì ńlá fún Màmá Ìgbàrà. Ó ṣírò rẹ̀ lójú mi, ó ní gáàsì yóò jẹ èrè gààrí tán kí ọjà tó pé. Òótọ́ ló sọ. Nítorí náà, a tún ààrò ṣe.

A dín igi méje kù sí mẹ́ta, a là wọ́n sí wẹ́wẹ́, a sì ń sá wọn sóòrùn dáadáa kí a tó lò wọ́n, nítorí pé igi tutù ń fi ooru rẹ̀ lé omi jáde dípò kó fi jó. A to ọ̀pá irin mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ ààrò, a gbé igi lé e, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. A gbé agbada sókè díẹ̀, nítorí pé bí ahọ́n iná bá kan irin tútù kó tó jó tán, ibẹ̀ ni yóò ti kú tí yóò sì di dúdú. A wá fi amọ̀ mọ ọ̀nà èéfín kan sẹ́yìn ààrò, tó ga kọjá òrùlé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gba ibẹ̀ lọ sókè ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé níwájú, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnu Màmá Ìgbàrà ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Èéfín kò tán, ṣùgbọ́n a ń rí ara wa lójú kedere nínú àtíbàbà náà. Igi tó ń lò lọ́jọ́ kan tẹ́lẹ̀ ti ń tó o fún ọjọ́ kan àtààbọ̀, èyí sì ni ohun tó dùn mọ́ ọn jù lọ.

Ti àbúrò mi ló kù. Nígbà tí mo tún padà lọ, n kò tíì ya ẹnu tí Màmá Ìgbàrà fi pè é: "Dìde níbẹ̀. Lọ máa bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò." Ó jókòó sórí àpótí náà fúnra rẹ̀, ó mú àkúfọ́ igbá, ó wo iná, ó sì fa igi kan jáde nínú mẹ́ta.

"Wọ́n ti pọ̀ jù," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mí."